Ọmọ Ìyá àti Ọbàkan Nínú Kọ̀ǹpútà: Àríwísí Lórí Iye Tí Ẹ̀rọ Ń Pe Ara Rẹ̀

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tó ń ṣe Windows àti Linux rò lónìí. Ẹjọ́ náà kò gùn: tí wọ́n bá sọ fún wa pé processor mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ wa, kí ni wọ́n kà tó fi di mẹ́rin?

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ níbẹ̀ yẹn pé, "Prof, mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́." Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ mú laptop tòkunbọ̀ kan tó ní Core i7-7500U nínú. Ẹ ṣí Device Manager lórí Windows, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Processors sí. Ìlà mẹ́rin lẹ máa rí, odindi orúkọ chip náà ni wọ́n sì kọ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ á ní i7 mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Chip kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, core méjì péré ló sì wà nínú chip náà. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Core i5-8250U tí Intel gbé jáde ní ọdún 2017, ọdún kan péré lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Core mẹ́rin ni tirẹ̀ ní. Ẹni tó bá san owó lé owó torí pé 7 ju 5 lọ, tí wọ́n sì fi ìlà mẹ́rin yẹn ṣe ẹ̀rí fún un, ìdajì core ló rà lọ sílé.

Àríwísí mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Nísàlẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mọ gbogbo ẹbí tó wà nínú chip, ó mọ ẹni tó bá ẹnì kan tan àti bí wọ́n ṣe tan; àmọ́ lókè, níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti ń wò, ó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, ó sì fi nọ́ńbà kan lé wa lọ́wọ́. Nọ́ńbà yẹn ń ná wa lówó, ó ń ná wa ní àkókò, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná àwọn kan ní àṣírí wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò láti ìdí.

Àkọ́jí àti ìwé orúkọ

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe gbogbo core ló ń dìde sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan ló ń ṣáájú. Bootstrap processor ni Intel ń pè é. Èmi á pè é ní àkọ́jí. Àwọn tó kù ní iná lára, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, wọ́n ń retí ìpè. Àkọ́jí ló ń ṣe iṣẹ́ BIOS tàbí UEFI, òun náà ló sì ń gbé Windows tàbí Linux dìde.

Kí Windows tàbí Linux tó dé, BIOS á ti kọ ìwé orúkọ kan sínú mẹ́mọ̀rì. Ní àwọn ọdún 1990, ìlànà kan tí Intel gbé jáde, MultiProcessor Specification, ló ń sọ bí ìwé náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Lónìí, ACPI ló ń sọ ọ́, tábìlì tí a sì ń kà nínú rẹ̀ ń jẹ́ MADT. Ètò adarí á ka tábìlì yìí, á wá máa jí àwọn tó ń sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kọ́kọ́ fi àmì kan ránṣẹ́ tó ń jẹ́ INIT, á wá fi òmíràn tẹ̀lé e tó ń sọ fún ẹni tó jí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́mọ̀rì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù àti ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo ARM, ìwé tí wọ́n ń pè ní device tree ló ń ṣe iṣẹ́ MADT, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni: ìwé orúkọ ṣáájú, ìjí tẹ̀lé e.

Ohun tí MADT kà, kì í ṣe chip, kì í sì í ṣe core. Windows ń pè é ní logical processor, Linux ń pè é ní CPU lásán. Èmi á máa pè é ní orí, torí pé orí la máa ń kà tí a bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tó wà nílé. Orí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó ń jẹ́ APIC ID, ibí yìí ló sì dùn mọ́ mi jù. Nọ́ńbà yẹn dà bí orúkọ tí a fi ìdílé sí. Apá kan nínú rẹ̀ ń sọ chip tí orí náà wà, apá kan ń sọ core, apá ìkẹyìn tó kéré jù ń sọ èwo ni òun nínú àwọn tó jọ ń lo core náà. Ètò adarí á wá lo àṣẹ kan tó ń jẹ́ CPUID láti béèrè lọ́wọ́ orí yẹn fúnra rẹ̀ ibi tí apá kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ṣètò APIC ID wo ilé dáadáa. Mi ò ní àríwísí kankan sí wọn.

Télọ̀ méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan

Kí ló wá fà á tí core méjì fi ń ní orí mẹ́rin? Ọdún 2002 ni Intel gbé ọgbọ́n tí wọ́n pè ní Hyper-Threading wá sójú ọjà, lórí Xeon ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lórí Pentium 4. Ẹ ro ṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ télọ̀ kan ló wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ń wọn aṣọ, tó ń gé e, tó ń wá bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dúró lásán. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wá gba télọ̀ kejì. Bí ẹnì kan bá ń gé aṣọ, ẹnì kejì á jókòó sídìí ẹ̀rọ. Aṣọ tó ń jáde lójúmọ́ á pọ̀ sí i, kò sí àníàní. Ṣé ó máa wá di ìlọ́po méjì? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì fẹ́ rán, ẹnì kan á máa dúró de ẹnì kejì ni.

Nínú core, ohun tó jọ gígé aṣọ ni dídúró de dátà láti inú RAM. Core lè dúró fún ìgbà pípẹ́ gan-an, ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí RAM tó dáhùn. Hyper-Threading fún core kan ní ibi ìkọ̀wé méjì, kó lè rántí ibi tí iṣẹ́ méjì dé, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣírò kò di méjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Intel fúnra wọn kọ ọ́ ní 2002 pé ohun tí èyí fi kún ìtóbi chip kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èrè tó sì mú wá lórí iṣẹ́ server lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Orí di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ fi ìdá 30 lé, bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Wọ́n sọ òtítọ́. Àwa tí ètò adarí ń bá sọ̀rọ̀ lójú ni a kò gbọ́ ìdá 30 yẹn, ìlọ́po méjì ni wọ́n fi hàn wá.

Ta ló bá ta tan?

Níbi ọ̀rọ̀ ẹbí, èdè wa ríran ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gẹ̀ẹ́sì á ní "brother", ó ti parí. Àwa mọ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọbàkan, a sì mọ̀ pé ọbàkan kì í ṣe ẹgbẹ́ ará àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká lò ó níhìn-ín. Orí méjì tó ń lo core kan, ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bù ú jù, ti ẹnì kejì á dín. Core méjì nínú chip kan, ọbàkan ni wọ́n. Olúkúlùkù wà ní yàrá ìyá tirẹ̀, pẹ̀lú cache kékeré tirẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá bàbá wọn kan ni, cache ńlá tí wọ́n ń pè ní L3 sì sábà máa ń jẹ́ àjọni. Chip méjì nínú server kan, ará àdúgbò ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní RAM tirẹ̀ nítòsí. Bí ó bá fẹ́ lo ti ẹnì kejì, ó ní láti rìn lọ síbẹ̀, ìrìn náà sì ń gba àkókò. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní NUMA.

Ẹni tó ń pín iṣẹ́ nínú ètò adarí, scheduler, gbọ́dọ̀ mọ gbogbo èyí. Bí iṣẹ́ wúwo méjì bá dé sórí ẹ̀rọ tó ní core méjì àti orí mẹ́rin, ibi tó yẹ kó gbé wọn sí ni ọ̀dọ̀ àwọn ọbàkan, ọ̀kan sí core kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣi orí mú, tó gbé méjèèjì lé àwọn ọmọ ìyá lórí, core kan á máa làágùn, èkejì á máa sùn.

A ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀. Windows 2000 ti jáde kí Hyper-Threading tó dé, orí nìkan ló sì mọ̀ ọ́n kà. Windows 2000 Professional ní àṣẹ láti lo processor méjì. Gbé e sórí ẹ̀rọ tó ní Xeon méjì, orí mẹ́rin ló máa rí, á mú méjì, á fi méjì sílẹ̀. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé àwọn tó kọ ìlànà ACPI ti rò ó tẹ́lẹ̀: wọ́n ní kí BIOS kọ orí àkọ́kọ́ ti core kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó kọ àwọn ìkejì. Nítorí náà, ètò tí kò mọ ẹbí, tó kàn ń mú láti òkè ìwé wá sísàlẹ̀, á ṣì mú ọbàkan kó tó kan ọmọ ìyá. Windows XP ló wá kọ́ bí a ṣe ń ka chip dípò orí nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ àṣẹ.

Èyí tó pariwo jù ni ti AMD. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n gbé FX-8150 jáde, wọ́n ní core mẹ́jọ ló ní. Méjì méjì ni wọ́n so àwọn core yẹn pọ̀ sínú ohun tí wọ́n pè ní module. Core méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣírò nọ́ńbà odidi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń lo ẹnu ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà wọlé, wọ́n sì jọ ń lo ibi ìṣirò nọ́ńbà olójú-ààmì. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àbí ọbàkan? Windows 7 ní ọbàkan ni gbogbo wọn, mẹ́jọ tó dọ́gba. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Microsoft ní láti gbé àtúnṣe jáde kí scheduler lè máa ṣe wọ́n bí ọmọ ìyá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní California ní 2015, àwọn tó rà á ní irọ́ ni mẹ́jọ yẹn. Ní 2019, AMD gbà láti san mílíọ̀nù 12.1 dọ́là láti fi parí ẹjọ́, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ̀yin tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ nípa orúkọ kò já mọ́ nǹkan, ẹ wo iye tí orúkọ kan ṣoṣo ná wọn.

Ojú tí wọ́n fi ń hàn wá

Ẹ jẹ́ ká wá wo ojú òde. Lórí Linux, ẹ ka /proc/cpuinfo. Orí kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ náà ni "processor". Nísàlẹ̀, ẹ ó rí "cpu cores" àti "siblings". Lórí i7 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, "cpu cores" á jẹ́ 2, "siblings" á jẹ́ 4. Siblings níhìn-ín túmọ̀ sí gbogbo orí tó wà nínú chip, ọmọ ìyá àti ọbàkan lápapọ̀. Tí ẹ bá wá lọ sínú /sys, ẹ ó rí fáìlì kan tó ń jẹ́ thread_siblings_list tó jẹ́ ti ọmọ ìyá nìkan, àti òmíràn tó ń jẹ́ core_siblings_list tó kó gbogbo ọmọ bàbá pọ̀. Ètò kan náà ló ń lo ọ̀rọ̀ kan fún ìtumọ̀ méjì! Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe Linux fúnra wọn fi orúkọ tó mọ́lẹ̀ jù kún un, core_cpus_list àti package_cpus_list, èyí tó fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dàrú.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún àwọn orí náà kò tún dọ́gba. Lórí Windows, orí 0 àti orí 1 sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìyá lórí ẹ̀rọ tó ní Hyper-Threading. Lórí Linux, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel alágbára mẹ́rin, ọmọ ìyá orí 0 ni orí 4. Orí 1 jẹ́ ọbàkan rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ lórí Windows pé kí òun gbé iṣẹ́ méjì sórí 0 àti 2, tó wá gbé ìmọ̀ yẹn lọ sórí Linux láìyẹ̀ ẹ́ wò, ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá yan 0 àti 4.

Mo gbọ́dọ̀ yin ẹni tó yẹ ká yìn. Láti Windows 8 ní 2012, Task Manager ti ń kọ Sockets, Cores àti Logical processors lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí Linux, àṣẹ lscpu ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: á kọ iye sọ́kẹ́ẹ̀tì, iye core nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iye orí lórí core. Òǹkàwé tó bá dé ibẹ̀ rí òtítọ́.

Àmọ́ nọ́ńbà tó burú jù ṣì wà níbẹ̀, òun ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé iṣẹ́ wúwo méjì lé ẹ̀rọ olórí mẹ́rin wa yẹn. Scheduler tó mọ iṣẹ́ á fi ọ̀kan sórí core kọ̀ọ̀kan. Core méjèèjì ti kún dẹ́nu. Ẹ wá ṣí top lórí Linux, á sọ fún yín pé ìdajì ẹ̀rọ ló ṣófo, torí orí méjì nínú mẹ́rin kò rí nǹkan ṣe. Ìdajì wo ló ṣófo? Tí a bá fi ìṣirò Intel wò ó, ohun tó kù lè má ju ìdá 30 lé lórí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tó ń ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe ètò. Ẹ rí 50, ẹ ní ààyè wà, ẹ fi oníbàárà kún un. Nígbà tó bá di 70, ohun gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹ ó sì máa wá ẹni tó ṣẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ṣẹ̀.

Ìwé kan tó yẹ kí ẹ kà, àti ohun tí mo bá a jà lé

Ní 2016, ní ìpàdé EuroSys ní London, Jean-Pierre Lozi àti àwọn márùn-ún míì gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní "The Linux Scheduler: a Decade of Wasted Cores". Ìbéèrè wọn rọrùn: ṣé core lè wà láìṣe nǹkan kan nígbà tí iṣẹ́ ń dúró ní ìlà níbòmíràn? Wọ́n ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wò ó, ó ń rí bẹ́ẹ̀. Aṣìṣe mẹ́rin ni wọ́n hú jáde nínú Linux.

Ọ̀kan nínú wọn á yé ẹnikẹ́ni. Scheduler ń fi ìpíndọ́gba ẹrù wé ìpíndọ́gba ẹrù láàárín agboolé kan àti òmíràn. Bí ènìyàn kan nínú agboolé bá ru ẹrù tó wúwo gan-an, ìpíndọ́gba á ga, scheduler á gbà pé gbogbo ará ilé yẹn ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn tó kù ń káwọ́ gbera. Àwọn tó ń jókòó yẹn kò ní gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ agboolé kejì tí ẹrù ti pọ̀ jù fún. Aṣìṣe míì: bí a bá pa core kan, tí a sì tún un tàn, Linux ń gbàgbé láti máa pín iṣẹ́ láàárín àdúgbò kan àti èkejì. Àpẹẹrẹ tó burú jù nínú èyí fi ìlọ́po 138 falẹ̀.

Mo yin iṣẹ́ yìí, pàápàá nítorí ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè rí àwọn aṣìṣe náà. Wọ́n ní àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò kò lè fi wọ́n hàn, torí náà wọ́n ya àwòrán tiwọn, tó ń fi orí kọ̀ọ̀kan hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kéékèèké. Ẹ̀rí nìyí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ ló ń hàn nínú nọ́ńbà tó wà lókè.

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni méjì. Àkọ́kọ́, àkọlé wọn pariwo ju ìwé lọ. Ìlọ́po 138 yẹn, ẹ̀rọ tó ní àdúgbò púpọ̀ nìkan ló lè pàdé rẹ̀. Laptop yín tó ní chip kan kò ní àdúgbò kejì tí iṣẹ́ máa gbàgbé láti lọ. Lórí aṣìṣe kan nínú mẹ́rin yẹn, èyí tí wọ́n wọ̀n lórí dátábéèsì, àdánù tó pọ̀ jù jẹ́ ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn tóbi, àmọ́ kì í ṣe ìparun. Ìkejì, ẹ̀rọ tí wọ́n lò jẹ́ ti AMD, irú Bulldozer tí mo sọ lókè, wọ́n sì pè é ní core 64. Méjì méjì ni àwọn core yẹn so pọ̀ nínú module. Ìwé tó ń bá scheduler wí pé kò mọ ìbátan dáadáa, òun náà gba iye tí ilé iṣẹ́ fún un lórí àkọlé.

Àṣírí láàárín ọmọ ìyá

Àwọn kan á ní ìyára nìkan ni mo ń sọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹ á gbọ́ ohun tí o ń sọ lójú oorun. Ọmọ ìyá nínú core jọ ń lo cache tó sún mọ́ wọn jù, L1. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, OpenBSD pa Hyper-Threading lórí chip Intel, wọ́n ní ewu rẹ̀ ju èrè lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde àbùkù tó ń jẹ́ L1TF, èyí tó fi hàn pé orí kan lè jí ohun tí ọmọ ìyá rẹ̀ fi sínú L1 wò. Fún ilé iṣẹ́ tó ń fi server yá oníbàárà méjì tí kò mọra wọn rí, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Linux 5.14, ní 2021, wá mú ọ̀nà kan wá tí scheduler fi lè kọ̀ láti jẹ́ kí iṣẹ́ méjì tí kò fọkàn tán ara wọn jọ wà lórí core kan. Ẹ rí i pé ààbò náà kò ṣeé ṣe láìmọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹni.

Láti 2021 ni ọ̀rọ̀ tún ti dàrú sí i. Core i9-12900K ní core ńlá mẹ́jọ àti core kékeré mẹ́jọ. Àwọn ńlá ní orí méjì méjì, àwọn kékeré ní orí kọ̀ọ̀kan. Orí 24 ni Windows á kà. Orí tó dá wà lórí core ńlá, orí tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ pín core ńlá, àti orí core kékeré: agbára wọn kò dọ́gba rárá, ìlà kan náà ni wọ́n jọ wà. Intel ní láti fi ohun kan tó ń jẹ́ Thread Director sínú chip láti máa ta Windows 11 lólobó nípa ibi tó yẹ kó gbé iṣẹ́ sí. Nígbà tó di 2024, wọ́n yọ Hyper-Threading kúrò nínú Core Ultra 9 285K: core 24, orí 24. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, i9-14900K, ní core 24 àti orí 32. Ẹni tó ń fi iye orí ra ẹ̀rọ á ní àgbà ti di ọmọdé.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò, os.cpu_count() ti Python, orí ló ń kà fún yín. Tó bá jẹ́ ìṣirò wúwo ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye core, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó fi kún un. Ẹ má gbàgbé pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dá sílẹ̀ ń jẹ RAM tirẹ̀. Lórí laptop tó ní RAM 8 GB, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ lè pa ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo Java àtijọ́ nínú container, ẹ ṣọ́ra: kí Java 10 tó dé ní 2018, ó máa ń ka gbogbo orí tó wà nínú server, kódà bí wọ́n bá fún yín ní ìwọ̀nba.

Ẹ̀yin tó ń fi dọ́là yá server, ẹ béèrè ohun tí vCPU ń jẹ́ kí ẹ tó sanwó. Lọ́dọ̀ Amazon, vCPU lórí àwọn ẹ̀rọ Intel wọn sábà máa ń jẹ́ orí kan, ìyẹn ìdajì core. Lórí Graviton tí wọ́n ṣe fúnra wọn, vCPU kan jẹ́ odindi core. Pẹ̀lú iye tí a ń ra dọ́là kan lónìí, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ fi Device Manager sílẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ Cores sí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fún àwọn tó ń ṣe ètò adarí, ohun tí mo ń béèrè kò le. Wọ́n ti mọ ẹbí náà tán. Láti àkọ́jí, láti MADT, láti inú APIC ID, wọ́n mọ ọmọ ìyá, wọ́n mọ ọbàkan, wọ́n mọ ará àdúgbò, wọ́n sì ń fi í pín iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí àwa tó ni ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n. Kí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti core, kí ti orí tẹ̀lé e ní ẹ̀gbẹ́. Kí Device Manager yé kọ orúkọ chip kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà ní èdè wa, ẹ gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lọ́wọ́ mi: ọmọ ìyá, ọbàkan, ará àdúgbò. Ọmọ tó bá ti gbé nínú agboolé rí á lóye rẹ̀ kí ẹ tó parí gbólóhùn.